Yíyan Géètì àti Ìlẹ̀kùn Gáréèjì tó Bá Ilé Yín Mu: Ìtọ́sọ́nà fún Àwọn Olùgbé Súrùlérè, Yábà àti Múṣin

Nínú ọ̀pọ̀ ilé ní Èkó, géètì ni ohun àkọ́kọ́ tí àlejò ń rí, òun náà sì ni ohun ìkẹyìn tí onílé ń tì kí ó tó sùn. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń wo ẹwà rẹ̀ àti agbára rẹ̀ láti dènà olè kí wọ́n tó yàn án. Ohun méjèèjì yìí ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ìbéèrè mẹ́ta wà tí ó yẹ kí ó ṣáájú wọn. Ǹjẹ́ ilẹ̀ iwájú ilé gba irú géètì tí ẹ fẹ́? Ǹjẹ́ ó dá yín lójú pé géètì náà kò ní wó lu ènìyàn? Bí iná bá sì ṣẹ́ yọ lóru, ǹjẹ́ gbogbo ẹni tí ó wà nínú ilé lè jáde láìwá kọ́kọ́rọ́ kiri?

A kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún àwọn onílé, àwọn ayálégbé àti àwọn tí ó ń kọ́lé lọ́wọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ Súrùlérè, Lagos Mainland àti Múṣin. A ó ṣàlàyé irú géètì àti ìlẹ̀kùn gáréèjì tí ó wà, àyè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà, ewu tí ó wà nínú wọn, àti ohun tí ó yẹ kí ẹ bá oníṣẹ́ sọ kí ẹ tó sanwó. Ohun kan tí a fẹ́ kí gbogbo òǹkàwé dì mú ni pé ìṣọ́ ni géètì wà fún, kò wà fún ìhámọ́.

Ẹ kọ́kọ́ wo ilẹ̀ yín

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bákan náà ni ó yẹ kí a wo ilẹ̀ kí a tó yan géètì, nítorí pé ilẹ̀ àdúgbò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kò rí bákan náà.

Ní Yábà àti Súrùlérè, ètò ìjọba ni ó pín ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Lẹ́yìn tí àrùn àjàkálẹ̀ tí eku ń tàn kálẹ̀ bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, ìjọba amúnisìn dá àjọ Lagos Executive Development Board sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú tò. Àjọ yìí ni ó la ọ̀pọ̀ òpópónà ní Yábà. Nígbà tí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé tí ó há mọ́ra ní Ìsàlẹ̀ Èkó ní 1955, Súrùlérè ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ àwọn ará ibẹ̀ lọ. A kọ́ àwọn ilé wọ̀nyẹn nígbà tí ìwọ̀nba ènìyàn ni ó ní ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Lónìí, ìdílé méjì tàbí mẹ́ta lè máa du àyè ọkọ̀ kan ṣoṣo nínú ọgbà kan.

Múṣin ní tirẹ̀ wà lábẹ́ ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn títí di ìgbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1967. Ọwọ́ ìdílé onílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ra ilẹ̀ níbẹ̀, ilé sì súnmọ́ ilé. Ní àwọn òpópónà kan ní Ìdí-Òrò tàbí Ọlọ́ṣà, ògiri ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gọ́tà, kò sì sí ibi tí apá géètì lè ṣí sí.

Nítorí náà, kí ẹ tó lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, ẹ wọn ohun mẹ́rin: fífẹ̀ ẹnu ọ̀nà láti òpó dé òpó, gígùn àyè tí ó wà láti ẹnu ọ̀nà dé ògiri ilé, gígùn ògiri ọgbà tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ẹnu ọ̀nà, àti bí ilẹ̀ ṣe dagun sí. Ìwọ̀n mẹ́rin yìí ni ó ń sọ irú géètì tí ẹ lè lò.

Bí ẹnu ọ̀nà ṣe yẹ kí ó fẹ̀ tó

Ọkọ̀ Toyota Corolla fẹ̀ tó mítà 1.8, ó sì gùn tó mítà 4.6. Toyota Sienna gùn ju mítà 5 lọ. Ẹnu ọ̀nà tí ó fẹ̀ tó mítà 3 lè gba ọkọ̀ ilé, ṣùgbọ́n bí òpópónà bá tóóró, awakọ̀ kò ní rí àyè yí ọkọ̀ kí ó tó wọlé. Mítà 3.6, èyí tí í ṣe ẹsẹ̀ bàtà 12, ni ó dára jù bí ilẹ̀ bá gbà á. Ẹ rántí pé ọkọ̀ panápaná fẹ̀ tó mítà 2.5. Ọkọ̀ panápaná kò lè gba ẹnu ọ̀nà tí ó fẹ̀ ní ìwọ̀n mítà 2.4 wọlé, bí ó ti wù kí ìgbìyànjú awakọ̀ rẹ̀ pọ̀ tó.

Irú géètì mẹ́ta tí ó wọ́pọ̀

Géètì alápá méjì. Èyí ni ó pọ̀ jù ní àwọn àdúgbò wa. Apá méjèèjì so mọ́ òpó, wọ́n sì ń ṣí sínú ọgbà. Kò ní ohun púpọ̀ tí ó lè bàjẹ́, wẹ́dà àdúgbò sì lè tún un ṣe. Ṣùgbọ́n ó ń gba ilẹ̀. Bí ẹnu ọ̀nà bá fẹ̀ ní mítà 3.6, apá kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 1.8. Kí a tó lè ti géètì náà nígbà tí Corolla kan wà nínú ọgbà, àyè láti ẹnu ọ̀nà dé ògiri ilé gbọ́dọ̀ tó mítà 6.5. Bí ilẹ̀ inú ọgbà bá ga ju ti ẹnu ọ̀nà lọ, ìsàlẹ̀ apá géètì yóò máa ha ilẹ̀. Àwọn kan máa ń yí i padà kí ó máa ṣí síta. A kò fara mọ́ èyí, nítorí pé ẹlẹ́sẹ̀, ọmọ iléèwé àti kẹ̀kẹ́ Márúwá ni ó ń gba ibẹ̀ kọjá.

Géètì tí a ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Táyà kékeré onírin ni ó ń gbé e lórí ojú irin tí a rì mọ́ ilẹ̀, tí yóò sì sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò gba àyè nínú ọgbà, nítorí náà ó bá ilé tí iwájú rẹ̀ kúrú mu. Ohun tí ó ń gbà ni ògiri. Géètì mítà 3.6 nílò ògiri tí ó tó mítà 4 ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tí ó wà lórí ìdajì púlọ́ọ̀tì, tí iwájú ilẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ní bíi mítà 9, lè ṣe é bí ó bá gbé ẹnu ọ̀nà sún mọ́ igun kan. Àléébù rẹ̀ ni pé iyanrìn àti ìdọ̀tí máa ń kún ojú irin náà lásìkò òjò. Ní àwọn àdúgbò tí omi máa ń ya wọ̀, bí àwọn kan ní Àgùdà àti Ìtìrẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ máa gbá ojú irin náà lóòrèkóòrè.

Géètì tí ó ń ká. Apá mẹ́rin tẹ́ẹ́rẹ́ ni a fi ìdè so pọ̀ ní méjì-méjì, tí wọn yóò sì ká jọ sí ẹ̀bá òpó. Apá kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bíi 90 sẹ̀ǹtímítà lọ. Èyí ni a dámọ̀ràn fún ilé tí kò ní àyè níwájú tí kò sì ní ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́, irú èyí tí ó pọ̀ ní Múṣin. Ìdè rẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ, nítorí náà ẹ máa fi ọ̀rá ẹ̀rọ sí wọn.

Irú géètì yòówù tí ẹ bá yàn, ẹ jẹ́ kí ó ní ilẹ̀kùn kékeré tí ẹlẹ́sẹ̀ ń gbà. Ilé tí ó ń ṣí géètì ńlá fún gbogbo ẹni tí ó bá kan ilẹ̀kùn kò ní ìṣọ́.

Ìlẹ̀kùn gáréèjì

Àwọn ilé kan ní Súrùlérè àti Yábà ṣì ní gáréèjì tí a kọ́ mọ́ wọn. Ilẹ̀kùn onígi alápá méjì ni ó wà lára ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti pẹ́. Bí igi náà bá jẹ́ ìrókò, ẹ má tètè jù ú nù. Ikán kì í tètè jẹ ìrókò, káfíńtà tí ó mọṣẹ́ sì lè tún un ṣe pẹ̀lú owó tí kò tó ti tuntun. Àwọn oníṣòwò pákó mọ igi tí ó lè pẹ́ nínú òjò yàtọ̀ sí arère tí ó fúyẹ́.

Ilẹ̀kùn irin tí a ń ká sókè, irú èyí tí ó wà ní ẹnu ṣọ́ọ̀bù, kò gba àyè níwájú tàbí lẹ́yìn. Òkè ẹnu ọ̀nà ni ó ń ká sí, nítorí náà ẹ wò ó bóyá àyè wà láàárín òkè ẹnu ọ̀nà àti àjà.

Irú kẹta ni ilẹ̀kùn tí a ń gbé sókè. C. G. Johnson, ará Amẹ́ríkà, ni a mọ̀ mọ́ ọn láti 1921. Ní 1926 ni ó sì fi ẹ̀rọ oníná sí i. Sípíríǹgì líle ni ó ń bá ènìyàn gbé ilẹ̀kùn yìí. Bí sípíríǹgì náà bá já, ilẹ̀kùn yóò já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ má ṣe tú u fúnra yín. Iṣẹ́ ẹni tí ó kọ́ ọ ni.

Ẹ má ṣe tan jẹnẹrétọ̀ nínú gáréèjì, ìbáà jẹ́ pé ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ díẹ̀. Afẹ́fẹ́ olóró tí ó ń jáde lára rẹ̀ kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀. Ó ń pa ènìyàn lójú oorun. Bí ẹ bá sì fẹ́ sọ gáréèjì di ṣọ́ọ̀bù tàbí yàrá, ẹ gba ìwé àṣẹ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì rí i pé fèrèsé wà níbẹ̀.

Irin wo ni kí a lò?

Ojú irin tí ó nípọn ní mìlímítà 1.5, èyí tí àwọn wẹ́dà ń pè ní gọ́ọ̀jì 16, ti tó fún ọ̀pọ̀ ilé. Mítà níbùú-lóròó kan rẹ̀ wúwo tó kìlógíráàmù 11.8. Géètì tí ó fẹ̀ ní mítà 3.6 tí ó sì ga ní mítà 2.4 yóò wúwo ju kìlógíráàmù 100 lọ bí irin bá bo ojú kan rẹ̀. Bí irin bá bo ojú méjèèjì, ó ti di 200, a kò tíì ka ọ̀pá tí ó gbé e dúró mọ́ ọn. Irin tí ó nípọn jù kì í mú kí géètì ṣòro já tó bí ènìyàn ṣe rò, nítorí pé ara ìdè àti àgádágodo ni olè ń wò. Ṣùgbọ́n ó ń mú kí òpó tètè tẹ̀, ìdè sì tètè já.

Ẹ tún ronú bóyá ẹ fẹ́ géètì tí a lè rí inú ọgbà láti ara rẹ̀ tàbí èyí tí ó bo gbogbo rẹ̀. Géètì tí ó bò pátápátá ń fi ilé pamọ́, ṣùgbọ́n bí olè bá ti fo ọgbà wọlé, ó ń fi olè náà pamọ́ fún aládùúgbò àti ọlọ́dẹ. Ọ̀pọ̀ onílé ń gba àárín: wọ́n ń fi irin bo ìsàlẹ̀, wọ́n sì ń fi ọ̀pá alálàfo ṣe òkè.

Afẹ́fẹ́ Èkó ní ọ̀rinrin, pàápàá ní etí ọ̀sà bíi Ìwáyà àti Ẹ̀búté Mẹ́ta. Géètì tí a kò kùn dáadáa máa ń dípẹtà láti ojú ibi tí a ti jó o pọ̀. Kí wẹ́dà lọ ojú ibẹ̀ kí ó dán, kí ó fi ọ̀dà pupa tí ń dènà ìpẹtà kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kí ó tó fi ọ̀dà aláwọ̀ lé e. Kí a lu ihò kékeré sí ìsàlẹ̀ àwọn ọ̀pá oníhò kí omi lè máa jò jáde. Kí ìsàlẹ̀ géètì sì ga díẹ̀ kúrò nílẹ̀ kí omi òjò lè rí ọ̀nà kọjá. Ẹ máa tún un kùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Kí géètì má bàa wó

Géètì tí ó wúwo tó kìlógíráàmù 200 kò ṣeé gbé kúrò lára ọmọdé fún ẹnì kan ṣoṣo. Ohun tí ó sábà máa ń fa ìjàǹbá ni pé géètì tí a ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọjá òpin ojú irin rẹ̀, kò sì sí ohun tí ó dá a dúró. Ìdí nìyí tí a fi ń tẹnu mọ́ ohun mẹ́ta. Èkíní, irin ìdádúró líle gbọ́dọ̀ wà ní òpin méjèèjì ojú irin náà. Èkejì, irin tí ó di orí géètì mú gbọ́dọ̀ wà lára òpó, kí géètì má lè fì sí ẹ̀gbẹ́ kankan, àní bí táyà bá yọ. Ẹ̀kẹta, bí géètì bá bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo láti fà, tàbí tí ó ń dún, tàbí tí ó fì, ẹ dá lílò rẹ̀ dúró títí oníṣẹ́ yóò fi dé. Ẹ má ṣe sọ fún ọlọ́dẹ tàbí ọmọ ilé pé kí ó fi agbára tì í.

Ní ti géètì alápá méjì, òpó ni ó ṣe kókó. Kí irin inú òpó ti ìpìlẹ̀ wá, kí a sì jó ìdè géètì mọ́ irin náà, kì í ṣe kí a kàn fi símẹ́ǹtì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara òpó. Ẹ jẹ́ kí kọnkéré òpó gbẹ kí ó sì le kí ẹ tó gbé géètì kọ́. Kọnkéré ń gba nǹkan bí ọjọ́ 28 kí ó tó ní agbára rẹ̀ tán.

Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọdé pé géètì kì í ṣe jangirọ́fà.

Géètì oníná

Géètì tí ń fi ẹ̀rọ ṣí ti ń pọ̀ sí i. Ó rọrùn fún arúgbó àti fún ẹni tí ó ń dé lóru, nítorí pé awakọ̀ kò ní sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ọmọ ni ó wà lójú ọ̀nà rẹ̀ àfi tí a bá fi ohun tí yóò sọ fún un sí i. Ní Amẹ́ríkà, láti 1993 ni òfin ti sọ pé ẹ̀rọ ilẹ̀kùn gáréèjì ilé gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò mú kí ilẹ̀kùn padà sẹ́yìn bí ó bá kan ènìyàn. Ẹ béèrè irú ohun bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá fẹ́ ta ẹ̀rọ fún yín, kí ẹ sì dán an wò lójú rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Ẹ rí i pé bátìrì wà fún ìgbà tí kò bá sí iná, àti pé kọ́kọ́rọ́ tí a fi ń tú géètì kúrò lára ẹ̀rọ wà nínú ilé, tí ó ju ẹnì kan lọ sì mọ bí a ti ń lò ó. Oníṣẹ́ iná tí ó mọṣẹ́ ni kí ó fa wáyà rẹ̀, kí ó sì fa wáyà tí ń darí iná wọlẹ̀, nítorí pé gbogbo ara géètì ni irin.

Ọ̀nà àbáyọ lóru

Nínú ilé tí ìdílé púpọ̀ ń gbé, ó wọ́pọ̀ kí ẹnì kan ti géètì ní aago mẹ́wàá alẹ́, kí ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ sùn. Bí iná bá ṣẹ́ yọ, tàbí tí aboyún bá ń rọbí, yàrá ẹni náà ni gbogbo ilé yóò kọ́kọ́ sáré lọ. Bí kò bá sí nílé ńkọ́?

A rọ àwọn onílé pé kí ilẹ̀kùn kékeré ara géètì jẹ́ èyí tí a lè ṣí láti inú pẹ̀lú ọwọ́ lásán, láìlo kọ́kọ́rọ́. Kí a fi irin bo ibi ìṣílẹ̀kùn náà kí ẹni tí ó wà níta má lè nawọ́ kàn án. Bí ó bá di dandan láti lo àgádágodo, kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀. Ayálégbé ní ẹ̀tọ́ láti béèrè èyí, onílé tí ó bá sì gbà á láyè, ẹ̀mí ara rẹ̀ náà ni ó ń ṣọ́.

Ìwé àṣẹ àti gọ́tà

Bí ẹ bá ń kọ́ ọgbà tuntun, tí ẹ ń gbé ẹnu ọ̀nà kúrò ní ibi tí ó wà, tàbí tí ẹ ń yí gáréèjì padà, ẹ kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì LASPPPA, àjọ tí ń fúnni ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé, ní ìjọba ìbílẹ̀ yín. LASBCA ni ó ń bójú tó bí a ti ń kọ́lé àti bí ilé ti lágbára sí. Òpó géètì àti ìdàgẹ̀rẹ̀ tí ọkọ̀ ń gùn wọlé kò gbọ́dọ̀ dí gọ́tà. Ẹ jẹ́ kí páálí kọnkéré orí gọ́tà jẹ́ èyí tí a lè gbé kúrò láti kó ìdọ̀tí jáde. Ní ti géètì tí a ń gbé sí ẹnu òpópónà, gbogbo ènìyàn ni ó ni òpópónà. Ẹgbẹ́ àdúgbò kò gbọ́dọ̀ gbé e síbẹ̀ láìgba àṣẹ ìjọba.

Kí ẹ tó san owó àsansílẹ̀

Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rẹ́ yín ni wẹ́dà náà. Kí ó ní àwọn nǹkan wọ̀nyí nínú:

• fífẹ̀ àti gíga géètì, lẹ́yìn tí òpó ti dúró;
• bí ojú irin ti nípọn tó, àti bóyá ojú kan tàbí méjèèjì ni yóò bò;
• iye ìdè, tàbí iye táyà àti irin ìdádúró;
• iye ìgbà tí yóò fi ọ̀dà kùn ún;
• ilẹ̀kùn kékeré tí ó ṣeé ṣí láti inú;
• ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí, àti ìgbà tí yóò padà wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Nígbà tí ó bá gbé irin dé, ẹ wọ̀n ọ́n kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá parí, kí ẹni tí agbára rẹ̀ kéré jù nínú ilé, ìbáà ṣe ìyá àgbà, gbìyànjú láti ṣí ilẹ̀kùn kékeré náà láti inú nínú òkùnkùn. Bí kò bá lè ṣí i, ẹ jẹ́ kí wẹ́dà tún un ṣe kí ẹ tó san owó tí ó kù.

Bí géètì bá wó lu ènìyàn tàbí tí iná bá ṣẹ́ yọ, ẹ pe 112 tàbí 767 lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì ṣí géètì ńlá sílẹ̀ gbayawu kí àwọn olùrànlọ́wọ́ tó dé.